Aṣọ Tí Wọ́n Ní Ká Má Gé

Ṣáà. Ṣáà. Ṣáà. Lẹ́yìn náà, kúù.

Bí àlùmọ́gàjí Ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń dún lórí tábìlì ìgéṣọ nìyẹn. Ọmọdé ni Téèpù nígbà náà, abẹ́ tábìlì yẹn gan-an ló fi ṣe ilé, láàárín àwọn ègé aṣọ tó ń já bọ́ lé e lórí. Kò rí ju ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí lọ, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti mọ gbogbo ohun tó ń lọ lókè. Ṣáà tó gùn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù ni. Ṣáà kéékèèké tó ń tẹ̀lé ara wọn, ọrùn ni wọ́n ń gé, ibẹ̀ ló sì gba sùúrù jù. Kúù ìkẹyìn, tí irin bá pàdé irin tí kò sí aṣọ láàárín wọn mọ́, a jẹ́ pé iṣẹ́ bùṣe. Nígbà mìíràn, kí kúù tó dé, Ẹ̀gbọ́n á dúró díẹ̀, á fi ẹsẹ̀ gbún un lábẹ́ tábìlì, á ní, "Jáde níbẹ̀, wá bá mi mú etí aṣọ dání."

Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an nílé. Téèpù ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó wọn ológbò. Ó wọn ilẹ̀kùn. Àlejò kan wà tí kò tíì jókòó tán tí Téèpù fi wọn ìbàdí rẹ̀, tó sì ké iye rẹ̀ síta láàárín pálọ̀. Ó pẹ́ gan-an kí obìnrin náà tó tún yà sí ilé wọn.

Téèpù ti di bàbá arúgbó báyìí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé lókè ilé alájà mẹ́ta kan, ní ìlú tó jìnnà sí tábìlì yẹn débi pé bí oòrùn bá ń yọ lójú fèrèsé tiwọn, Ẹ̀gbọ́n á ti jẹun ọ̀sán. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló gbé e lọ. Ó ní òun ń lọ fún ìgbà díẹ̀, díẹ̀ náà sì gùn títí irun rẹ̀ fi funfun. Ọdọọdún ló ń sọ pé òun ń bọ̀ wálé, ọdọọdún ni nǹkan sì ń yọjú: ọmọ fẹ́ wọ ilé ìwé, òrùlé ń jò, eékún ń dùn ún. Ẹ̀gbọ́n kì í bínú. Ó kàn máa ń sọ lórí fóònù pé, "Mo ti gbọ́. Èmi náà máa ń sọ fún oníbàárà pé tó bá di ọ̀la, aṣọ rẹ̀ á ti ṣetán."

Kí Téèpù tó kúrò nílé ló ti ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan fún Ẹ̀gbọ́n, tó sọ ọ́ ní Àlùmọ́gàjí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. Wàá tẹ ìwọ̀n oníbàárà sí i: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá. Òun á wá ya ègé aṣọ kọ̀ọ̀kan sórí bébà, títí kan àyè tí abẹ́rẹ́ máa gbà létí rẹ̀. Wàá tẹ́ bébà náà lé aṣọ, wàá sì gé e. Bó bá ti yà á tán, yóò dún: ṣáà, ṣáà, ṣáà, kúù. Ohùn àlùmọ́gàjí Ẹ̀gbọ́n gan-an ni. Ọ̀sẹ̀ tí Téèpù fẹ́ rìnrìn àjò ló gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n gé nǹkan. Ẹ̀gbọ́n bèèrè pé kí ni. Ó ní ohunkóhun. Ẹ̀gbọ́n ní òun kì í gé ohunkóhun, ló bá lọ mú aṣọ gidi wá, ó gé ṣẹ́ẹ̀tì kan fún un, òun náà ló sì wọ̀ lọ sí ìrìn àjò.

Téèpù jowú ètò yìí gan-an. Ó kọ ìwé àṣẹ mọ́ ọn lára, èyí tó ń sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ lò ó, kò sì gùn: "Ẹnikẹ́ni lè lo Àlùmọ́gàjí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò sì gbọdọ̀ yí i padà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Inú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni àṣírí rẹ̀ wà. Ó ní ìkànnì kan lórí ayélujára tí wọ́n ti ń gba Àlùmọ́gàjí, kí ilẹ̀kùn ibẹ̀ tó ṣí, wàá kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí kékeré kan: níbo lo ti wá, kí lò ń rán. Àràárọ̀, bí ó bá ti gbé tíì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àpótí yẹn ló ń kọ́kọ́ ṣí. "Aṣọ ilé ìwé ni mò ń rán, máṣíìnì mi sì ń pariwo ju àwọn ọmọ lọ." "Mo wá láti àdúgbò yín, òjò rọ̀ lánàá, ojú ọ̀nà ti di ẹrẹ̀." "Aṣọ ìgbéyàwó àbúrò mi ni. Ó ń sanra lójoojúmọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Bàbá arúgbó á rẹ́rìn-ín, á tún un kà sókè fún ìyàwó rẹ̀.

"Àwọn àlejò yín ti dé," nìyàwó rẹ̀ máa ń wí. "Ẹ ní kí wọ́n bọ́ bàtà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tó kọ̀wé sínú àpótí náà kò sọ ohun tó ń rán. Ó ní:

"Ẹ káàárọ̀, sà. Apoògùn ni mí, ilé oògùn mi ló kángun sí ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n yín. Èmi náà ni mò ń tọ́jú Àlùmọ́gàjí nínú Àkójọ. Mo gbọ́ pé ilé iṣẹ́ tó gba ìkànnì yín sílé máa kógbá sílé bí oṣù yìí bá parí. Ẹ jọ̀ọ́, ó yẹ ká sọ̀rọ̀."

Téèpù mọ Àkójọ. Linux ni, ìyẹn ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà dìde tó sì ń mú un ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn èèyàn káàkiri ayé ń fọwọ́ ara wọn ṣe, tí wọ́n ń fi ta ara wọn lọ́rẹ. Oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ló ń dì í pọ̀ mọ́ àwọn ètò mìíràn bí ẹni di ẹrù sínú àpótí kan ṣoṣo, kí ẹni tó gbé àpótí náà lọ má bàa máa wá abẹ́rẹ́ kiri. Èyí tí Apoògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dì ni wọ́n ń pè ní Àkójọ, òun náà ló fi sínú kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n. Ètò kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní olùtọ́jú tirẹ̀. Lọ́sàn-án, obìnrin yìí á máa ka oògùn sínú ìgò lẹ́yìn káńtà. Bí oníbàárà bá ti dáwọ́ dúró díẹ̀, á ṣí kọ̀ǹpútà, á sì máa tún Àkójọ ṣe.

Téèpù pè é. Ojú obìnrin tó wọ gíláàsì kan yọ lórí fóònù, pẹ̀lú pẹpẹ oògùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìwé àṣẹ yín kò jẹ́ ká lè gbé Àlùmọ́gàjí fúnra rẹ̀ sínú Àkójọ. Ìránṣẹ́ kékeré kan la fi síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ Àlùmọ́gàjí, ìránṣẹ́ yẹn á sáré wá sí ìkànnì yín, á gbé e, á padà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, ọwọ́ òfìfo ló máa gbé bọ̀."

"Màá ṣí ilẹ̀kùn mìíràn."

"Ẹ máa ṣí i. Tíyẹn náà bá tún tì ńkọ́? Ẹ má bínú sí mi o, Bàbá. Tí ẹ̀yin alára bá sùn tí ẹ kò jí ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀, tó ń lọ aṣọ lẹ́yìn rẹ̀, gbé áyọ́ọ̀nù sókè. "Apoògùn yìí mọ ìbéèrè bi. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Àkójọ tuntun máa jáde kí oṣù tó parí," Apoògùn ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ohun tí kò bá dá wa lójú pé a máa rí i gbé, a gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n yín báyìí ti gbó, kò ní bá tuntun ṣiṣẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé ojú wọn kò rí ìlà ṣọ́ọ̀kì lórí aṣọ mọ́. Bébà Àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi ń gé gbogbo nǹkan. Láìsí i, kò sí iṣẹ́."

Téèpù kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n kò sọ fún un rí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti jọ sọ̀rọ̀, Ẹ̀gbọ́n a máa bú oníbàárà, a sì máa yin máṣíìnì. Kò mẹ́nu kan ojú.

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Ẹ yọ̀ǹda rẹ̀, Bàbá, kí a lè gbé e sínú Àkójọ fúnra rẹ̀."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ nìkan ni?" Ara Téèpù fúyẹ́. Ta ló sọ pé òun kò ní lawọ́ fún ẹni tó ń ran Ẹ̀gbọ́n òun lọ́wọ́? Ó jókòó, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe bí ẹni pé wọ́n fẹ́ yà á ní fọ́tò, ó wá kọ ọ́: "Èmi tí mo ṣe Àlùmọ́gàjí fi tayọ̀tayọ̀ fún ẹ̀yin ará Àkójọ, ẹ̀yin nìkan ṣoṣo láyé, láṣẹ láti máa pín in títí láé." Ó kà á fún ìyàwó rẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́. Ó jókòó de àdúrà àti ọpẹ́.

Ìdáhùn dé kí tíì rẹ̀ tó tutù. "A dúpẹ́ púpọ̀, Bàbá. A kò lè gbà á."

Téèpù yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. "Wọ́n kọ̀ ọ́."

"Kí ni wọ́n kọ̀?" nìyàwó rẹ̀ bèèrè.

"Ẹ̀bùn mi."

"Bóyá ẹ kò dì í dáadáa ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó tún pe Apoògùn, ohùn rẹ̀ sì ti le díẹ̀. "Ọmọ mi, nílé wa, bí àgbà bá fún èèyàn ní nǹkan, ẹni náà á kúnlẹ̀ gbà á ni."

"Mo ti kúnlẹ̀, Bàbá. Káńtà ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ rí mi." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́, ẹ̀bùn náà dára. Ọ̀rọ̀ 'ẹ̀yin nìkan' yẹn ni. Kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Olùkọ́ kan á gba Àkójọ, á ṣe ẹ̀dà fún gbogbo kíláàsì. Ẹnì kan á tún kọ̀ǹpútà àlòkù ṣe, á fi Àkójọ sí i, á tà á. Bó bá jẹ́ àwa nìkan lẹ fún láṣẹ, gbogbo àwọn yẹn ti di olè láìmọ̀. Òfin wa ni pé àṣẹ gbọ́dọ̀ máa bá ètò náà lọ sí ibikíbi tó bá ń lọ. Àṣẹ tó bá jókòó sọ́dọ̀ wa, a kì í gbà á, kódà kó jẹ́ ọba ló kọ ọ́."

Ó yé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó tún un kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fún gbogbo èèyàn rere, bí wọn kò bá ti ní tà á.

Apoògùn ló pè fúnra rẹ̀. "Èèyàn rere, Bàbá? Ta ló máa wọn ìwà rere ọ̀hún? Téèpù wo la fẹ́ fi wọ̀n ọ́n?"

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ọ?"

"Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ẹ wọn àlejò kan tó sá lọ." Ó ṣe bí ẹni wúkọ́ kó má bàa rẹ́rìn-ín jù. "Bàbá, oògùn ni mò ń tà. Orí máa ń fọ́ oníwà burúkú náà. Bí mo bá ní kí n kọ́kọ́ bèèrè ìwà lọ́wọ́ oníbàárà, ta ni màá tà fún? Ti títà ńkọ́, ẹ rántí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yẹn. Ẹ ti tún sọ ọ́ di olè."

Téèpù fi ọjọ́ méjì bínú. Ó ń rìn láti fèrèsé dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ ní kó kúkú wọn ilẹ̀ náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, kí ìrìn náà lè wúlò. Níkẹyìn, ó kọ ẹ̀kẹta, èyí sì dá a lójú: gbogbo èèyàn, ẹni rere àti ẹni burúkú, ẹni tó bá fẹ́ tà á kó tà á, ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun láti yí i padà.

Nígbà tí fóònù dún, kì í ṣe pẹpẹ oògùn ló rí. Tábìlì ni. Tábìlì yẹn náà, etí rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ èèyàn tó ti ń kàn án láti ọjọ́ pípẹ́, ìdì aṣọ lórí rẹ̀, máṣíìnì lẹ́bàá ògiri, ẹ̀wù tí kò tíì lápá lórí ìkọ́. Lẹ́yìn tábìlì náà ni Ẹ̀gbọ́n dúró sí, téèpù lọ́rùn rẹ̀. Ó ti kúrú. Tàbí ó ti tẹ̀, Téèpù kò mọ èwo.

"Mo kó ẹjọ́ yín wá fún Ẹ̀gbọ́n yín ni," Apoògùn wí láti ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Káàsán, Téèpù. O ti ń dààmú ọmọ yìí. Kò ráyè ta oògùn mọ́, àwọn èèyàn àdúgbò ti ń wúkọ́ kiri." Ẹ̀gbọ́n na aṣọ kan sókè. "Wo èyí. Ká ní mo fún ọ láṣọ yìí, mo ní ó di tìrẹ, mo wá ní o kò gbọdọ̀ gé e. Kí lo máa fi ṣe?"

"Màá tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ṣé ó bá bẹ́ẹ̀dì rẹ mu bó ṣe wà yìí?"

"Kò bá a mu."

"O ò wá gbọdọ̀ gé e."

Ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn. Ìgbà náà ni Téèpù mọ̀ pé gbogbo máṣíìnì ṣọ́ọ̀bù ti dákẹ́ láti ìgbà tí fóònù ti dún, àwọn ọmọṣẹ́ kàn ń ṣe bí ẹni ń wá òwú nílẹ̀ ni.

"Kì í ṣe ẹjọ́ lásán, Bàbá," Apoògùn wí. "Àlùmọ́gàjí kò mọ ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ìwọ̀n irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí i, ẹ̀yìn ẹ̀wù á gbé sókè, iwájú á wá máa gbálẹ̀. Mo ti rí ibi tí àṣìṣe náà wà nínú kóòdù tí ẹ fi kọ ọ́. Kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Ìwé àṣẹ yín ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

"Ta lẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ níbẹ̀?" Téèpù bèèrè, kó tó mọ ohun tó ń bèèrè.

"Èmi ni," Ẹ̀gbọ́n dáhùn, bí ẹni ń sọ pé ọjà ti tú. "Tábìlì yìí ló tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé èmi lo ṣe é fún, gbogbo ayé ló sì ń gé aṣọ fún àfi èmi. Wo ẹ̀wù tí mo wọ̀." Ó yí ẹ̀yìn padà. Lóòótọ́, ó gbé sókè.

Téèpù wo ẹ̀yìn ẹ̀wù náà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin ló jáde. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá yọ̀ǹda rẹ̀ pátá, kò sẹ́ni tó máa gba ọ̀dọ̀ mi kọjá mọ́. Inú àpótí yẹn ni mo ti ń gbọ́ ilé."

"Orúkọ yín á wà nínú rẹ̀ títí, Bàbá," Apoògùn wí jẹ́jẹ́. "Òfin gbà yín láyè láti bèèrè ìyẹn. Ẹni tó bá yí i padà kò lè pa á rẹ́."

"Orúkọ mi kò lè sọ fún mi pé òjò rọ̀ nílé."

"Èmi lè sọ fún ọ," Ẹ̀gbọ́n wí. "Fóònù mi kò bàjẹ́. Òjò rọ̀ láàárọ̀. Ó ti dá. Kí ló tún kù?"

Kò sí ohun tó kù. Téèpù ní òun máa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, láìfi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan dí wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ pàtẹ́wọ́, máṣíìnì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Kò tíì kọ ọ́ tán ní ọjọ́ kejì tí Apoògùn tún fi pè. Ó ń fi ọwọ́ họ etí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó tún ku ẹyọ kan. Àwọn tó ń yẹ nǹkan wò nínú Àkójọ, wọn kì í fojú fo nǹkan. Wọ́n ní ohùn tó máa ń dún níparí yẹn ńkọ́, ta ló ni ín?"

"Èmi ni mo gbà á sílẹ̀."

"Ta ló ń gé aṣọ?"

Téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n."

"Wọ́n ní kí Ẹ̀gbọ́n yín náà yọ̀ǹda tiwọn. Bóyá kò pọn dandan, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká ṣe é kó dáa."

Apoògùn gbé fóònù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Inú Ẹ̀gbọ́n dùn bí ẹni pé wọ́n fi í jẹ adájọ́. "Ó wá kù sọ́wọ́ mi," ló wí, ó sì ní kí Apoògùn máa kọ ọ́ sílẹ̀. "Mo yọ̀ǹda ohùn àlùmọ́gàjí mi fún gbogbo ayé, bí Téèpù bá wá sílé."

Apoògùn gbé kálàmù rẹ̀ kalẹ̀. "A kò lè gbà á, Ìyá."

Ní òkè ilé alájà mẹ́ta, Téèpù rẹ́rìn-ín débi tí ìyàwó rẹ̀ fi sáré gbé ife tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ò lè gbà á?" Ẹ̀gbọ́n bèèrè. "Ṣé kì í ṣe ọmọ ìyá mi ni?"

"Bí Bàbá kò bá wá, gbogbo ẹni tó bá ń lo ohùn yẹn ti di olè."

"Kò burú. Kí gbogbo wọn bá mi bẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

Kò sì yí ọ̀rọ̀ padà. Apoògùn bẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọṣẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ń ronú. Oṣù ń lọ sópin. Téèpù náà kò fi tirẹ̀ ránṣẹ́; ó wà lórí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ó ti kọ ọ́ tán, ọwọ́ rẹ̀ ni kò tẹ̀ ẹ́. Ó ń ṣí àpótí rẹ̀ láràárọ̀, ó ń ka àwọn àlejò ìkẹyìn. Ọ̀kan kọ̀wé pé: "Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Aṣọ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ni mò ń rán. Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ ká wọlé."

Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bóyá ṣẹ́ẹ̀tì tí Ẹ̀gbọ́n gé fún un lọ́jọ́un àná ṣì wà. Obìnrin náà kò wá a rárá, ó kàn lọ mú un wá, bí ẹni pé ó ti ń retí ìbéèrè náà. Téèpù wọ̀ ọ́. Èjìká gbà á. Bọ́tìnì òkè pàdé ihò rẹ̀. Nígbà tó dé ikùn, wọn kò rí ara wọn mọ́.

"Ìwọ̀n ti yí padà," nìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí a tẹ̀ ẹ́ sínú Àlùmọ́gàjí, ká wò ó."

"Ẹ kò lè wọn ara yín, Bàbá ilé. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n wọ̀n." Ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì náà fún un, ó fi ọwọ́ nù ún. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n kò jìnnà ju ibi tí ọkọ̀ òfurufú lè dé lọ."

Téèpù tún fa bọ́tìnì ikùn wò. Orí tábìlì rẹ̀ ni fóònù ti dún, ohùn nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Téèpù." Ẹ̀gbọ́n ni. "Apoògùn ló ń gbà mí sílẹ̀ yìí. Mo ti ro ó. Mo yọ̀ǹda ohùn àlùmọ́gàjí mi fún gbogbo èèyàn, kí wọ́n lò ó, kí wọ́n gé e bó bá ṣe wù wọ́n, Téèpù ì báà wá, ì báà má wá. Kò sí 'bí' kankan mọ́ nínú rẹ̀. Àṣé ó máa ń rọrùn tó báyìí béèyàn bá ti sọ ọ́ jáde. Ṣé ó ti wọlé, Apoògùn? Ó ti wọlé? Ó dáa, jẹ́ kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ."

Apoògùn ti gbàgbé láti pa á. Ẹsẹ̀ kan wọ́ nílẹ̀. Aṣọ tẹ́ lórí igi. Lẹ́yìn náà, ṣáà. Ó dúró díẹ̀. Ṣáà. Ó ti lọ́ra ju tàná lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni. Téèpù di ojú rẹ̀. Èyí tó gùn yẹn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù. Àwọn kéékèèké wá bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì pẹ̀lú sùúrù, ọrùn ni Ẹ̀gbọ́n dé. Ó tẹ etí sílẹ̀ de kúù ìkẹyìn.

Kò dé. Ibẹ̀ ni ohùn náà já sí.

Téèpù jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí kò pa dé níkùn. Ó wá fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọjọ́ àti àpótí ẹrù, ìyàwó rẹ̀ sì ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ó tún ohun tó ti kọ sílẹ̀ kọ, ó fi ìparí tuntun sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà:

"Apoògùn, ẹ̀yin ará Àkójọ, àti Ẹ̀gbọ́n mi,

"Mo yọ̀ǹda Àlùmọ́gàjí fún gbogbo èèyàn. Ẹ lò ó, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ tà á, ẹ fi tọrẹ, ẹ gé e, ẹ tún un rán. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín, kí àṣẹ yìí kan náà bá a lọ, kó sì fi orúkọ èmi àti ti Ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ nínú rẹ̀. Apoògùn, ti ẹ̀yìn tó tẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó kù kò sí nínú ìwé àṣẹ, ẹ má jẹ́ kí Apoògùn yẹ̀ ẹ́ wò. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Èjìká mi kò yí padà, ìbàdí ni kí ẹ tún wọ̀n. Ẹ má tíì parí ẹ̀wù ọjọ́ yẹn. Mo ń bọ̀ wá bá yín mú etí aṣọ dání."